Omi Inú Àyà àti Iye Ọjọ́ Aláìsàn: Bí A Ṣe Lè Fi Yorùbá Ṣàlàyé Àyẹ̀wò Mesothelioma

1.0 Ìfáárà

Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá kò mọ sí inú kíláàsì nìkan. Ní Ìláwẹ̀-Èkìtì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ìkẹ́rẹ́, ní Emùré àti ní àwọn ìlú mìíràn ní gúúsù Èkìtì, bí ìwé bá ti ilé-ìwòsàn dé tí àwọn ará ilé kò mọ ohun tí ó wí, olùkọ́ ni wọ́n máa ń gbé e tọ̀ lọ. Bí dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá bá sì ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, ọmọ tí ó ti jókòó ní kíláàsì wa ni í ṣe ògbufọ̀. Ohun tí ọmọ náà bá sọ ni bàbá rẹ̀ yóò gbà pé dókítà sọ. Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Nínú bébà yìí, a fẹ́ yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kan wò. Ọ̀rọ̀ náà ni àyẹ̀wò tí a ń ṣe sí omi tí ó gbá jọ sínú àyà ẹni tí ó ní àìsàn mesothelioma, láti fi mọ bí ó ti ṣeé ṣe kí ẹni náà pẹ́ tó láyé. Ohun mẹ́ta ni a ó ṣàlàyé: (a) ohun tí àìsàn náà jẹ́, àti bí ó ṣe kan ilé-ìwé wa, (b) ohun tí omi náà lè sọ àti ohun tí kò lè sọ, (d) bí a ṣe lè gbé èsì àyẹ̀wò náà kalẹ̀ ní Yorùbá láìṣì í sọ. Èrò wa ni pé àìsàn ni àyẹ̀wò omi ń díwọ̀n, kì í dá ọjọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni. Èrò wa sì tún ni pé gírámà Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà tí a lè gbà fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere, bí a bá lò ó bí ó ti yẹ.

2.0 Àìsàn Náà àti Ibi Tí Ó Ti Ń Wá

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni ó wà ní àyíká ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀kan wé mọ́ ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀. Èkejì tẹ́ inú egungun ìhà. Omi díẹ̀ wà láàárín wọn, èyí tí ń jẹ́ kí awọ kan máa yọ̀ lórí èkejì nígbà tí a bá ń mí. Bí jẹjẹrẹ bá bẹ̀rẹ̀ lára awọ yìí gan-an, mesothelioma ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè é. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lára irú awọ bẹ́ẹ̀ nínú ikùn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti àyà ni ó wọ́pọ̀ jù. Ti àyà yìí ni a lè pè ní 'jẹjẹrẹ awọ ẹ̀dọ̀fóró'. Kí olùkọ́ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ náà 'awọ' kò ṣeé yọ kúrò. Àìsàn mìíràn ni 'jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró', ìtọ́jú rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ohùn rẹ̀ náà ṣe pàtàkì: awọ ni, kì í ṣe àwọ̀.

Ohun tí ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àìsàn yìí ni eruku asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Òkúta tí a ń wà nínú ilẹ̀ ni asibẹ́sítọ́ọ̀sì, ó sì ṣeé ya sí fọ́nrán tín-ín-rín bí òwú. Nítorí pé iná kì í tètè jó o, a máa ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi ṣe páálí òrùlé àti ti àjà. Ilé-iṣẹ́ Turners Asbestos Cement ṣe irú páálí bẹ́ẹ̀ ní Emene lẹ́bàá Enugu ní àwọn ọdún 1960. Olùkọ́ tí ó bá ti ṣiṣẹ́ nínú ilé-ìwé tí a kọ́ láyé ìgbà náà yóò mọ àjà funfun tí a ń sọ.

Páálí tí ó wà ní odindi lókè kì í tú eruku púpọ̀ jáde. Ìgbà tí a bá fi ayùn rẹ́ ẹ, tí a lu ihò sí i, tí ó fọ́, tàbí tí a fi ọwọ̀ gbá àfọ́kù rẹ̀ ní gbígbẹ ni ewu dé. Fọ́nrán tí a bá fà símú lè dé ibi awọ ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì máa gbé ibẹ̀. Ọdún 20 sí 50 ni ó sábà máa ń kọjá kí àìsàn tó yọjú. Nítorí náà, káfíńtà tí ó ń rẹ́ páálí àjà ní 1978 lè má rí àmì kankan títí di àsìkò yìí.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti kọ́kọ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ dáadáa. Ní 1960, J. C. Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde nípa ènìyàn 33 tí wọ́n ní mesothelioma ní Gúúsù Áfíríkà. Kì í ṣe àwọn tí ń wa asibẹ́sítọ́ọ̀sì nìkan ni ó wà nínú wọn. Àwọn mìíràn kàn gbé ìtòsí ibi tí a ti ń wà á ní kékeré ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de gbogbo irú asibẹ́sítọ́ọ̀sì ní 1999, Gúúsù Áfíríkà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008.

A kò sọ èyí láti dá jìnnìjìnnì sí ẹnikẹ́ni lára. Ní orílẹ̀-èdè wa, ikọ́ ife ni ó sábà máa ń fa omi inú àyà. Àìsàn ọkàn, òtútù àyà àti jẹjẹrẹ mìíràn náà a sì máa fà á. Ẹni tí omi bá gbá jọ sí láyà kò gbọdọ̀ sọ fúnra rẹ̀ pé mesothelioma ni. Àyẹ̀wò ni yóò sọ ọ́.

3.0 Ohun Tí A Ń Wò Nínú Omi Náà

Bí awọ ẹ̀dọ̀fóró bá ń ṣàìsàn, omi tí ó wà láàárín rẹ̀ a máa pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Omi náà a wá máa ti ẹ̀dọ̀fóró, èémí aláìsàn a sì máa gé. Dókítà yóò fi oògùn pa ibì kan lára, yóò ki abẹ́rẹ́ gba àárín egungun ìhà méjì, lẹ́yìn ni ó sábà máa ń jẹ́, yóò sì fa omi náà jáde. Fífà tí a fà á yìí ń jẹ́ kí aláìsàn rí èémí mí. Díẹ̀ nínú omi náà a sì lọ sí ilé àyẹ̀wò.

Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a máa ń bi omi yìí, àwọn ènìyàn a sì máa dà wọ́n pọ̀. Ìbéèrè kìíní ni: Àìsàn wo ni èyí? Ìbéèrè kejì ni: Báwo ni àìsàn náà yóò ṣe rìn?

Ní ti ìbéèrè kìíní, a máa ń wá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú omi náà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n ní mesothelioma lóòótọ́, nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́ta péré ni a máa ń rí sẹ́ẹ̀lì náà nínú omi wọn. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi máa ń fẹ́ gé bíńtín lára awọ náà fún àyẹ̀wò. Bí a kò bá rí i nínú omi, kò túmọ̀ sí pé kò sí i.

Ní ti ìbéèrè kejì, èyí tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí, ohun mẹ́ta ni a ó mẹ́nu bà.

(i) LDH. Èròjà kan tí ń bẹ nínú sẹ́ẹ̀lì ni èyí. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń bàjẹ́ tí ó ń kú, èròjà yìí a tú sínú omi. Bí ó bá pọ̀ gan-an, ó ń fi hàn pé iṣẹ́ ìbàjẹ́ púpọ̀ ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀.

(ii) Kíkan omi náà, èyí tí a ń fi òǹkà pH wọ̀n. Omi àyà ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń wà ní nǹkan bí 7.6. Bí jẹjẹrẹ bá pọ̀ lára awọ, omi náà a máa kan sí i, òǹkà a sì máa wálẹ̀. A ti rí i pé àwọn tí òǹkà tiwọn kéré sí 7.3 kì í sábà pẹ́ tó àwọn yòókù. Síbẹ̀, nígbà tí John Heffner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ jọ ní 2000, wọ́n rí i pé òǹkà yìí nìkan kò péye tó láti fi mọ bí aláìsàn kan yóò ti pẹ́ tó. Bí afẹ́fẹ́ bá tilẹ̀ kù nínú síríńjì tí a fi gbé omi náà lọ, òǹkà náà lè yí padà.

(iii) Fibulin-3. Èròjà pùrótéènì kan ni èyí. Ní 2014, Jenette Creaney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Australia, fi í wé èròjà mìíràn tí ń jẹ́ mesothelin. Wọ́n rí i pé mesothelin ni ó dára jù láti fi dá mesothelioma mọ̀. Ṣùgbọ́n fibulin-3 inú omi àyà ni ó bá iye ọjọ́ aláìsàn rìn: agbedeméjì iye ìgbà tí àwọn tí tiwọn kéré lò jẹ́ oṣù 14.1, ti àwọn tí tiwọn pọ̀ sì jẹ́ oṣù 7.9. Ẹ ò rí i pé èròjà kan ń sọ orúkọ àìsàn, èkejì ń sọ ìrìn rẹ̀. Ìwádìí ni a ṣì ń lo fibulin-3 fún; kì í ṣe àyẹ̀wò tí a ń ṣe lójoojúmọ́ ní ilé-ìwòsàn.

4.0 Òǹkà Kì í Ṣe Ìdájọ́

4.1 Ìtumọ̀ 'agbedeméjì'

A ti lo ọ̀rọ̀ náà 'agbedeméjì' lókè, ó sì yẹ kí a tú u palẹ̀, nítorí òun ni gbogbo àṣìsọ máa ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí a bá to ènìyàn 101 sórí ìlà, láti orí ẹni tí ó kọ́kọ́ kú dé orí ẹni tí ó pẹ́ jù, iye oṣù tí ẹni kọkànléláàádọ́ta lò ni agbedeméjì. Àádọ́ta ènìyàn wà lẹ́yìn rẹ̀, àádọ́ta wà níwájú rẹ̀. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìpíndọ́gba, kì í sì í ṣe òpin. Kò sọ fún wa bí ẹni tí ó wà níwájú pátápátá ti rìn jìnnà tó.

Stephen Jay Gould, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Harvard, fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ èyí. Ní oṣù keje ọdún 1982, a sọ fún un pé ó ní mesothelioma, ti inú ikùn ni tirẹ̀. Nígbà tí ó lọ ka ìwé, ó bá a níbẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ ni agbedeméjì. Ní 1985, ó kọ àròkọ kan láti ṣàlàyé pé òǹkà yẹn kò sọ ibi tí òun fúnra òun wà lórí ìlà. Ọdún 2002 ni ó tó kú, jẹjẹrẹ mìíràn ni ó sì pa á. A kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún gbogbo ènìyàn. Àìsàn líle ni èyí, ọ̀pọ̀ ni kì í pé ọdún méjì lẹ́yìn tí a bá ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí a ń sọ ni pé òǹkà kan náà gba ẹni tí ó lo oṣù mẹ́ta àti ẹni tí ó lo ogún ọdún.

4.2 Òdiwọ̀n LENT

Ní 2014 kan náà, Amelia Clive àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òdiwọ̀n kan tí a ń pè ní LENT jáde fún àwọn tí jẹjẹrẹ fa omi sí láyà. Aláìsàn 789 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Australia àti Netherlands ni wọ́n wò. Ohun mẹ́rin ni a ń fún ní máàkì, bí ìgbà tí a bá ń máàkì ìwé ìdánwò:

(a) LDH inú omi: bí ó bá ju 1,500 lọ, máàkì 1.
(b) Bí aláìsàn ti lè ṣe nǹkan fúnra rẹ̀ sí: ẹni tí ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ gba òdo, ẹni tí kò lè ṣe iṣẹ́ agbára mọ́ gba 1, ẹni tí ó ń tọ́jú ara rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè ṣiṣẹ́ gba 2, ẹni tí ó wà lórí ibùsùn tàbí àga ju ìdajì ọjọ́ lọ gba 3.
(d) Ìpín oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun méjì nínú ẹ̀jẹ̀: bí ọ̀kan bá ju ìlọ́po mẹ́sàn-án èkejì lọ, máàkì 1.
(e) Irú jẹjẹrẹ tí ó jẹ́: òdo sí 2. Mesothelioma gba òdo.

Níhìn-ín, máàkì púpọ̀ kì í ṣe ohun ayọ̀. Agbedeméjì fún àwọn tí wọ́n gba 0 sí 1 jẹ́ ọjọ́ 319. Fún 2 sí 4, ọjọ́ 130. Fún 5 sí 7, ọjọ́ 44.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn ya àwòrán bàbá kan, káfíńtà ni ní Ìláwẹ̀, tí wọ́n fa omi àyà rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ńlá kan. Mesothelioma ni wọ́n rí: òdo. Ó ń rìn káàkiri, ṣùgbọ́n kò lè gbé pákó mọ́: 1. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò burú: òdo. LDH rẹ̀ jẹ́ 1,520: 1. Àpapọ̀ jẹ́ 2, ọjọ́ 130 sì ni agbedeméjì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ká ní LDH náà jẹ́ 1,480, àpapọ̀ ìbá jẹ́ 1, agbedeméjì ìbá sì jẹ́ ọjọ́ 319. Ohun tí ó lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ni ó wà láàárín méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó yí padà lára bàbá náà ju bíńtín lọ. Àwa tí a ń máàkì ìwé mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba 39 àti èyí tí ó gba 40 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ nínú ìmọ̀, àmọ́ ìlà tí a fà ni ó pín wọn níyà.

4.3 Ìtọ́jú ń yí òǹkà padà

Òǹkà tí a bá kà nínú ìwé jẹ́ ti àwọn tí wọ́n gba ìtọ́jú ìgbà tiwọn. Ní 2003, ìwádìí kan fi hàn pé nígbà tí a fi pemetrexed kún cisplatin, agbedeméjì kúrò ní oṣù 9.3, ó di 12.1. Nínú èyí tí a tẹ̀ jáde ní 2021, nivolumab pẹ̀lú ipilimumab mú un dé oṣù 18.1, nígbà tí ti oògùn àtẹ̀yìnwá jẹ́ 14.1. Àwọn oògùn wọ̀nyí wọ́n, ọwọ́ gbogbo ènìyàn kò sì lè tó wọn. Síbẹ̀ ó yẹ kí ògbufọ̀ mọ̀ pé òǹkà kì í dúró sójú kan.

5.0 Ọ̀nà Tí A Lè Gbà Sọ Ọ́ ní Yorùbá

Ká ní dókítà ti sọ èsì omi bàbá wa yìí, tí ó sì ní oṣù mẹ́jọ ni agbedeméjì àwọn tí omi wọn rí bí tirẹ̀. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) a. Oṣù mẹ́jọ ló kù fún Bàbá.
 b. Omi náà ti sọ àsọtẹ́lẹ̀ ikú Bàbá.
 d. Bàbá kò ní pé oṣù mẹ́jọ.

(2) Nínú àwọn tí omi àyà wọn rí bí ti Bàbá, ìdajì kì í pé oṣù mẹ́jọ, ìdajì yòókù a sì máa kọjá rẹ̀. A kò tíì mọ ìdajì tí Bàbá wà.

Gbogbo (1) ni ó ṣì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣì kò dọ́gba. (1a) jẹ́ gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́. Iṣẹ́ 'ni', tí ó di 'ló' níhìn-ín, ni láti fa oṣù mẹ́jọ yọ, kí ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ iye mìíràn gbogbo. Ọ̀rọ̀-ìṣe 'kù' tún mú kí ó dà bí ẹni pé a ti wọn ọjọ́ ayé Bàbá sínú igbá bíi gààrí, tí a sì mọ iye tí ó ṣẹ́kù.

Ní (1b), 'àsọtẹ́lẹ̀' ni ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Àwọn wòlíì àti àwọn aláwo ni a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́, ohun tí a bá sì fi í pè, etí àgbàlagbà yóò gbọ́ ọ bí ohun tí a ti rí. 'Ìfojúbù' sì rọ jù, nítorí pé àwọn onímọ̀ kò kàn fojú bù ú. 'Ìdíwọ̀n' ni a rò pé ó bá a mu: a wọn nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rí ọ̀la.

(1d) ni ó ṣòro jù láti rí, nítorí pé ó jọ (2). Ìyàtọ̀ 'kò ní' àti 'kì í' ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. 'Kò ní' ń sẹ́ ohun tí ó wà ní ọjọ́ iwájú ẹnì kan. 'Kì í' ń sẹ́ ìṣe bárakú, ohun tí a ti rí pé kì í ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn kan. Bákan náà ni 'yóò' àti 'a máa'. Àyẹ̀wò omi ń sọ̀rọ̀ nípa bárakú, kò sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ iwájú. Ẹni tí ó bá fi 'kò ní' rọ́pò 'kì í' ti sọ ìwádìí di ìdájọ́, dókítà kò sì mọ̀ pé ohun tí òun sọ ti yí padà.

Àgbàlagbà Ìláwẹ̀ tí ń pe ilé ní 'ulé', tí ń pe igi ní 'ugi', lè má fẹ́ gbọ́ Yorùbá inú ìwé. Kí ọmọ rẹ̀ bá a sọ ọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé. Ohun tí kò gbọdọ̀ sọnù lójú ọ̀nà ni ìyàtọ̀ tí a sọ yìí.

A wá ń dá a lábàá fún àwọn olùdánwò pé bí a bá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà ìlera láti túmọ̀, kí a wo ohun mẹ́ta kí a tó fún wọn ní máàkì: (i) ǹjẹ́ iye náà pé? (ii) ǹjẹ́ ẹgbẹ́ tí a ti mú iye náà jáde ṣì wà nínú gbólóhùn, 'nínú àwọn tí...'? (iii) ǹjẹ́ atọ́ka bárakú ṣì wà níbẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ orúkọ oògùn mẹ́wàá, tí ó sọ (ii) àti (iii) nù, kò tíì túmọ̀ ohunkóhun.

6.0 Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé omi inú àyà lè sọ bí àìsàn ti le tó, pé òǹkà rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti pé Yorùbá ní ohun èlò láti sọ èyí láìpurọ́ àti láìdẹ́rù bani. A kò ní kí a fi òtítọ́ pamọ́ fún aláìsàn. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ìdajì kì í kọjá oṣù mẹ́jọ lè pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, kí ó ṣètò ilé rẹ̀, kí ó sì tún máa gba ìtọ́jú lọ. Ẹni tí a bá sọ fún pé oṣù mẹ́jọ ló kù lè palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kúrò ní ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí omi tí ó ṣeé fà máa pọ̀ sí i láyà rẹ̀, kí èémí máa gé e láìnídìí.

Ní ilé-ìwé wa, kí a má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ máa sọ òkò lu àjà àtijọ́, kí a má sì rán wọn láti gbá àfọ́kù rẹ̀. Kí a fi tó àwọn aláṣẹ létí, kí ẹni tí ó mọṣẹ́ wá kó o.

Àwọn baba wa ti ya ohun méjì yìí sọ́tọ̀ tipẹ́: àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí tọlọ́jọ́ ṣe. Àyẹ̀wò omi wà ní ìhà àìsàn. Kí ògbufọ̀ má ṣe gbé e kọjá sí ìhà kejì.